Ilé Làbọ̀ Ìsinmi Oko

Ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè kí n tó rí ìjókòó mi. Ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Alágoméjì, Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, ni mo ti wọ̀ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run Èkó bí ẹni da eérú sí i. Báàgì kan ló wà lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi: níbo ni kí èmi àti ìyàwó mi máa gbé bí mo bá fẹ̀yìn tì?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò ní Èkó. Àwọn ọmọ ti dàgbà, oníkálùkù ti bá tirẹ̀ lọ. Alaalẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ní Èkó ni lónìí, a ó ní Ìbàdàn ni lọ́la, tó bá di ọ̀túnla, ẹnì kan nínú wa á dárúkọ oko. Nígbà tó sú ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ má fẹnu pinnu mọ́. Ẹ lọ fojú rí i, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo ní n ó gba ojú irin dé Ìbàdàn, n ó ti ibẹ̀ wọkọ̀ dé Ìsẹ́yìn, ìlú ìyá mi, n ó sì ti Ìsẹ́yìn dé abà tí àbúrò ìyá mi ń gbé. Ìlú ńlá, ẹ̀yìn ìlú, ìlú kékeré àti oko, gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo yìí.

N kò ní bú Èkó, torí Èkó ló bọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ni mo ti rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní Èkó, ilé ìwòsàn tí kò tilẹ̀kùn kì í jìnnà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan péré, ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún un wà ní àdúgbò kejì. Nínú ìpínlẹ̀ 36 tó wà ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Èkó ló kéré jù, síbẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Wọn kò rọ́ lọ síbẹ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. A máa ń kíra láàárọ̀ bí oníkálùkù bá ń sáré jáde. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbọ́, ọmọ tó ń ponmi tà fún wa ló sì sọ fún mi. Àjà yàrá rẹ̀ ni ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ nínú ilé mi! Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i, ojú sì tì mí débi pé n kò lè jókòó pẹ́. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde nílé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń wọlé. Ojú ọ̀nà ló ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, bó bá kan èmi ńkọ́, ọjọ́ wo ni wọn yóò mọ̀?

Ọkọ̀ gbéra. Kò pẹ́ tí a fi dé Agége. Ilé fẹ̀gbẹ́ ti ilé, páànù ń kan páànù, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ń fì bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Ẹni tó bá wo Agége lójú fèrèsé lónìí kò ní gbà pé oko ni tẹ́lẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ oko ni lóòótọ́, oko kòkó àti oko obì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn ọlọ́lá Èkó bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńláńlá lágbègbè yìí, ní 1907 sì ni àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, ará Èkó tó bá ní òun ń lọ sí Agége, oko ló ń lọ. Lónìí, búrẹ́dì ni orúkọ Agége fi ń dùn lẹ́nu àwọn ọmọdé; obì ló fi dùn lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn. Mo fi èyí sọ́kàn. Oko lè di ìlú ṣójú ẹni.

Ní Agbádó, níbi tí Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kanra, ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ròyìn fún un, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín." Ó ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn Agbádó. Ó sanwó fún ẹbí tó ta ilẹ̀, ó tún sanwó fún àwọn ọmọ onílẹ̀ nígbà tó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó sì tún san òmíràn nígbà tó fẹ́ kan òrùlé. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ́ ilé ọ̀hún. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ilé funfun, kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lẹ́yìnkùlé.

Ó ní, "Ilé mi dára, ẹ̀gbọ́n. Kò sí onílé tó lè ní kí n kẹ́rù mi jáde. Ṣùgbọ́n n kì í gbé inú rẹ̀, mo kàn ń sùn níbẹ̀ ni. Erékùṣù Èkó niṣẹ́ mi wà. Ọmọ mi tó kéré jù, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ló mọ̀ mí. Láàárín ọ̀sẹ̀, kì í tíì jí tí mo fi ń jáde, ó ti máa ń sùn kí n tó dé."

Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ẹ̀dùn níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tó sì gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ìṣirò náà fún un kò kéré: ilé tó jẹ́ tirẹ̀, omi tó jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Àìmọye ènìyàn ló ti ṣe irú ìṣirò yìí ní Ìjokò, ní Mówé, ní Ìbafo. Bí mo bá tún jẹ́ ọmọ ogójì ọdún, bóyá èmi náà à bá ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀yìn ìlú ti jìnnà sí ibi iṣẹ́ bí oko ṣe jìnnà, kò sì fúnni ní ohun tí oko ń fúnni. Àgbẹ̀ tó rìn jìnnà lọ sóko, iṣu ló ń gbé bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí, àárẹ̀ ló ń rù bọ̀ wálé lálaalẹ́.

Lẹ́yìn Agbádó, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká, ewé gbàlẹ̀. A kọjá Kájọlà, a kọjá Pápálántó. Mo fẹ́ràn orúkọ tí àwọn ará oko máa ń sọ ibùdó wọn. Kájọlà: kí gbogbo wa jọ là. Wáàsinmi pẹ̀lú wà lápá ibí yìí: máa bọ̀ wá sinmi. Ẹni tó dá abúlé tó sọ ọ́ ní Kájọlà kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó fẹ́ kí èèyàn wá bá òun, kò sì fẹ́ là lóun nìkan. Mo wá orúkọ àdúgbò Èkó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kò gbé e wá kíákíá.

A dúró díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọkọ̀ tún sáré. Ojú irin tuntun yìí, kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn, oṣù Òkudù 2021 ni wọ́n sì ṣí i. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ojú irin àwọn òyìnbó ti dé Ìbàdàn láti 1901. Kí ìyálẹ̀ta tó kọjá, a ti dé Mọ́níyà, ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, níbi tí ìrìn ojú irin mi parí sí.

Mo fẹ́ dúró sórí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ là. Àwọn jagunjagun ló tẹ̀ ẹ́ dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, létí ọ̀dàn, Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1952, àwọn ará Ìbàdàn ti lé ní 450,000, nígbà tí ti Èkó kò tó 270,000. Ìlú tó tóbi jù ní Nàìjíríà nígbà náà, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú rẹ̀! Ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ará oko ní ń roko, ará ìlú ní ń ṣòwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ kọ ìwé ńlá lórí àwọn ìlú Nàìjíríà ní 1968, ó sì fi hàn pé ìlú ńlá ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Àwọn baba wa ti jẹ́ ará ìlú, wọ́n sì tún jẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Bàbá ìyàwó mi wà nínú irú wọn. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, á ní Ọjẹ́, ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀, nínú oṣù méjìlá, bóyá ni oṣù mẹ́ta fi ń bá a ní Ọjẹ́. Abúlé ló máa ń wà, nídìí kòkó. Iléyá, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìpàdé ẹbí ló ń gbé e wálé. Bó bá ti wọ agboolé, á bọ́ aṣọ oko, á wẹ̀, á wọ agbádá, á sì di ẹni tí wọn kò lè ṣèpàdé láìsí níbẹ̀. Abúlé ló kú sí, ilé ni wọ́n gbé e wá sin. Kò fìgbà kan rò ó pé kóun yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Oko wà fún iṣẹ́, ilé wà fún ènìyàn, ọ̀nà sì wà láàárín wọn. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní orúkọ fún bí oko bá ṣe jìnnà sí: oko etílé ni èyí tí èèyàn ń lọ láàárọ̀ tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, oko ẹgàn ni èyí tí èèyàn ń sùn sí. Ilé ni wọ́n fi ń wọn oko. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko.

Ní Mọ́níyà, mo wọ ọkọ̀ Máíkírà tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú, àgbò kan nínú búùtù. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí á fi ìbàdí sọ̀rọ̀ bó bá délé. Ihò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un ṣe, ó wá tẹ́jú bí ẹní. Awakọ̀ wa fi ọwọ́ lu sítíárì, ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá, tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè lọ lóòjọ́. Báyìí, mo lè lọ kí n bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì fojú kan ìyàwó mi lọ́sàn-án."

A kọjá Ìjàyè. Ní nǹkan bí 1850, ìlú tí Ìbàdàn ń bẹ̀rù ni, Kúrunmí sì ni olórí rẹ̀. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 ló fọ́ ọ ní 1862; ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé wà nígbà náà, pákí àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀ lónìí. Mo rántí Agége tí mo kọjá láàárọ̀. Agége jẹ́ oko, ó di ìlú. Ìbàdàn jẹ́ ibùdó ogun, ó di ìlú. Ìjàyè jẹ́ ìlú, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ di oko. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ẹnìkejì wa ní ará oko bí ẹni ń bú u? Ibi tí ó dúró lónìí lè jẹ́ ibi tí ìwọ yóò dúró lọ́la, ilẹ̀ kan náà ni.

Mo dé Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀sán díẹ̀, torí a dúró jẹ àmàlà lọ́nà. Kí n tó fọwọ́ tán nílé ẹ̀gbọ́n mi, àdúgbò ti gbọ́. Ìyá arúgbó kan dé, ó dì mọ́ mi, ó ní òun ló gbé mi pọ̀n ní ọjọ́ ìkómọ mi. Bàbá kan tẹ̀ lé e, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í ṣe àìsàn ló gbé ọ wálé? Ṣé iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ?" Bí ìlú kékeré ṣe rí nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí òun bá ṣàìsàn gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n mọ̀ bí òun bá jẹ gbèsè. Mo wò ó lọ́kàn mi lóru ọjọ́ náà, mo rí i pé mo lè gbà á. Ó sàn fún mi ju ọjọ́ kẹrin lọ.

Ìró òfì ló jí mi. Ẹni tó bá ti sùn ní Ìsẹ́yìn á mọ ìró yẹn, igi ń kan igi, ó dúró díẹ̀, ó tún kàn. Mo jáde sí abẹ́ àtíbàbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń hun aṣọ, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, èkejì á gòkè, òwú á là sí méjì, ọwọ́ ọ̀tún á ju ọkọ̀ òfì sí i, ọwọ́ òsì á gbà á. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àlàárì ni, ó pupa bí ojú oòrùn àṣálẹ́.

Ohun tí mo ń wò jù ni òkúta. Òwú tí wọ́n ń hun gùn lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀ ní ìta, bí ogún ìṣísẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n so ó mọ́ igi kan tí òkúta ńlá gùn lórí. Òkúta náà ló ń mú kí òwú le. Bí ó ti ń hun tó ń ká aṣọ sọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Ojú kò lè rí i bó ṣe ń sún. Mo fi ẹ̀ka igi sàmì sílẹ̀ níbi tó wà. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti kúrò lórí àmì mi, ó ti fi ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú yanrìn, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹni tó ń hun kò dìde lọ bá ẹrù. Ẹrù ló ń bọ̀ wá bá a.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọkùnrin yìí. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dún léraléra. Obìnrin kan ní Èkó ló ń béèrè aṣọ ìgbéyàwó lórí WhatsApp. Ó dáhùn tán, ó yíjú sí mi.

"Bàbá, gbogbo èyí tí mo ń hun, Èkó ló ń lọ. Ṣé kí èmi náà má tẹ̀ lé e lọ ni?"

Kí n tó dáhùn, bàbá tó ń hun ẹtù lápá kejì ti gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, "Aṣọ tó bá lọ sí Èkó, owó rẹ̀ ń bọ̀ wálé. Ìwọ tí o bá lọ ńkọ́, kí la ó rí gbà padà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ nígbà tí mo kúrò ní agboolé yìí. N kò lè ní kó má lọ. Ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Mo kàn sọ fún un pé bó bá lọ, kó má ta òfì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ọ̀kadà lọ sí abà. A fi ọ̀nà ọ̀dà sílẹ̀, a wọ ọ̀nà erùpẹ̀, koríko gbígbẹ ń lù mí lórúnkún. Mo bá àbúrò ìyá mi lórí àpáta lẹ́yìn abà, ó tẹ̀ríba, ó ń fi ọwọ́ yí iṣu tó gé pẹlẹbẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àroko bọ́dún dé o!"

"Àṣẹ o! Ta nìyẹn? Háà, ọmọ mi!"

Èlùbọ́ ló ń ṣe. Ó ti bó iṣu náà, ó ti gé e, ó ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò hó, ó ti rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Oòrùn àti ọyẹ́ ló kù tí yóò ṣiṣẹ́. Ó gbé ọ̀kan fún mi kí n dá a. Mo dá a, ó tẹ̀, kò ṣẹ́. Ó ní kò tíì gbẹ. Èyí tó bá gbẹ, á dún bí igi bí a bá dá a. Àwọn awò ojú rẹ̀ ti kán lápá kan, okùn òwú ló fi so wọ́n mọ́ etí, ó sì ń gbé iṣu súnmọ́ ojú kó tó mọ̀ bí ó ti funfun tó. Mo ní n ó wá awò tuntun fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin àti ìlérí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó dún mi.

Lálẹ́, a jókòó síwájú ilé. N kò rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. Mo sọ fún un pé bóyá kí n wá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ibí yìí dára. Ó dákẹ́ pẹ́.

"Afẹ́fẹ́ oko dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í gbẹ̀bí."

Ó wá sọ̀tàn fún mi. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fẹ́ bí àkọ́bí, òru ni, òjò ti rọ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn nígbà náà. Wọ́n gbé aboyún sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Wọn kò dé ọsibítù. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bímọ sí, lábẹ́ igi, òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ orí rẹ̀ gba ọmọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tó di ti ọmọ kejì, wọ́n ti dá ọ̀dà sójú ọ̀nà. Ó gun àpáta lọ fi fóònù pe awakọ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, torí orí àpáta nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi dé ọsibítù.

Ó ní, "Oko kan náà ni. Àwa kan náà ni. Ọ̀nà ló yàtọ̀."

Ilé méjìlá ló wà ní abà yẹn, mẹ́rin ló wà ní títì. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní abúlé kejì, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣe tán níbẹ̀, ìlú ló kàn. Ó sọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti lọ fún mi, ó sì sọ ibi tí oníkálùkù wà, bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

N kò sùn bọ̀rọ̀ lóru náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí lọ́kàn mi bí ó ṣe ń yí iṣu rẹ̀ lórí àpáta. Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí pé ibo ló dára jù. Ìbéèrè tí àwọn baba wa bi ara wọn kọ́ nìyẹn. Wọ́n bi ara wọn pé, báwo ni ilé àti oko yóò ṣe máa gbọ́ ara wọn? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá ọjọ́ tí gbogbo ọkùnrin á yọ pẹ̀lú àdá láti lọ yẹ ọ̀nà oko kí igbó má bò ó. Bí igbó bá bo ọ̀nà, ẹni tó wà lóko di ẹni ìgbàgbé, ẹni tó wà nílé di ẹni tí ebi ń pa. Ohun tó ń ba ayé jẹ́ fún ọkùnrin Agbádó náà kì í ṣe Agbádó, ọ̀nà ni. Ohun tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ àbúrò ìyá mi kì í ṣe oko, ọ̀nà ni. Èmi náà, ọ̀nà ló jí aládùúgbò mi gbé mọ́ mi lójú.

Mo padà sí Èkó, mo sọ ohun tí mo rí fún ìyàwó mi. Mo sọ fún un pé Ìsẹ́yìn ni ọkàn mi mú. Ìlú tó kéré tó fi jẹ́ pé wọn yóò mọ̀ bí n kò bá jáde láàárọ̀, tó sì tóbi tó fi jẹ́ pé ọsibítù, ọjà àti iná wà níbẹ̀. Oko etílé á wà fún mi, èyí tí mo lè lọ láàárọ̀ kí n sì bọ̀ jẹun ọ̀sán. Ọ̀nà wà síbẹ̀ tí àwọn ọmọ fi lè wá wò wá, tí àwa náà fi lè lọ wò wọ́n. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun fẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ ná. Mo gbà. Kò sí ibi tí a kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Ẹnu òun náà gbọ́dọ̀ tọ́ ọbẹ̀ yìí wò.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ra awò ojú méjì, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan fún ìfipamọ́. Mo dì wọ́n sínú páálí, mo fi wọ́n rán ẹnì kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Awakọ̀ Máíkírà wa gbà á ní Mọ́níyà, ó gbé e dé ojú ọ̀nà abà, ó fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Mo gbọ́ atẹ́gùn tó ń fẹ́ nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé orí àpáta ló wà.

Ó ní, "Ó ti dé ọwọ́ mi. Mo ti ń rí iṣu mi."